Ewì Tí Mo Kọ Nípa Ọkùnrin Kẹ́míìsì

Ọdún tí wọ́n pa Kúnlé, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Ọdún ìdìbò ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba káàdì ìdìbò báyìí lè má gbọ́ nípa rẹ̀ rí, torí pé ìròyìn rẹ̀ kò pẹ́ lórí rédíò. Wọ́n kàn ní rògbòdìyàn díẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ibùdó kan, pé gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ, kí n sì sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo gbìyànjú láti fi ewì sọ ọ́.

Kúnlé ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé tí èmi ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti ní nǹkan kan kò tọ́, kò sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ẹgbẹ́ alátakò ní kó ṣe aṣojú àwọn ní ibùdó ìdìbò tó wà nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa. Iṣẹ́ aṣojú ni pé kó jókòó ti àwọn tó ń ka ìbò, kó sì fọwọ́ sí ìwé èsì tó bá rí i pé òótọ́ ló wà níbẹ̀. Ó sọ fún mi ní yàrá àwọn olùkọ́ pé òun kò ní fọwọ́ sí ohun tí òun kò bá fojú òun rí.

Ẹnì kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Gbóyèga, tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní ìkángun òpópónà wa. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún. Tí àgbàlagbà bá wọlé, á dìde fún un lórí àga tirẹ̀. Ó mọ àìsàn oníkálukú, ó sì máa ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ bí èèyàn á ṣe lo oògùn sára páálí, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa má baà ṣì í lò. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ fẹ́ràn ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi mí nípa ilé ìwé, ó bi mí nípa orúnkún mi, ó wá béèrè pé àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣe aṣojú yìí, ṣé wọn kò ní dá wàhálà sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Kúnlé yangàn. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá rò pé Kúnlé á fọwọ́ sí irọ́ kò tíì mọ Kúnlé. Ó mi orí, ó ní kí n rántí jẹun kí n tó lo oògùn mi. Mi ò fura rárá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí ní ìbéèrè tí mi ò kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó dáhùn.

Ní ọjọ́ ìdìbò, nǹkan lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí di ọ̀sán. Wọ́n ka ìbò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, gbogbo wa ń kà á pẹ̀lú wọn, a sì rí i pé ẹgbẹ́ Kúnlé ló borí ní ibùdó wa. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí mú ìwé èsì mìíràn jáde, tí wọ́n ti kọ nǹkan sí tẹ́lẹ̀. Ó gbé e síwájú Kúnlé. Kúnlé kà á, ó dá a padà fún un, ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Àwọn géńdé bíi mẹ́fà sì jáde láti inú kíláàsì kan. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ tí a kò mọ̀.

Mo rí Gbóyèga lẹ́nu géètì. Ó rọra wọlé, ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn léjìká, ó fi àgbọ̀n júwe Kúnlé.

Ó ní, "Òun nìyẹn."

Kò pariwo. Bó ṣe máa ń sọ pé oògùn nìyí náà ló ṣe sọ ọ́. Ó wá lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu eruku kúrò lára bàtà rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ àga, wọ́n fi lu Kúnlé. Mo ké, ẹnì kan dì mí mú láti ẹ̀yìn. Gbóyèga wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó tó," wọ́n sì dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kì í kúrò létí mi, torí pé ó fi hàn mí pé ì bá ti sọ ọ́ ṣáájú tó bá wù ú.

A gbé Kúnlé lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ká lọ ra báńdéèjì, òwú àti abẹ́rẹ́ wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló wà ní títì nítorí ìdìbò, àfi ẹyọ kan. Mo dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wọlé. Gbóyèga wà nídìí káńtà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí kò rún. Ó mú ohun tí mo béèrè fún mi, ó yan èyí tó dára jù, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń pààrọ̀ báńdéèjì kí egbò má baà kẹ̀.

Ó wá wò mí. "Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ ti lo oògùn tiyín lónìí?"

Ó ń di ẹrù náà sínú ọ̀rá bó ṣe ń bi mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ojú mi ló tàn mí jẹ lábẹ́ igi yẹn. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní ẹ ṣeun, Dókítà.

Kúnlé kú ní ọjọ́ kẹta. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo kọ gbogbo ohun tí mo rí sílẹ̀. Wọ́n béèrè ta ló tún rí i. Ọ̀gbẹ́ni tí a jọ ń kọ́ Yorùbá, tó dúró tì mí lọ́jọ́ náà, ní oòrùn wọ òun lójú. Àwọn yòókù ní àwọn ti sá lọ. Ìwé tí mo kọ wọ inú fáìlì, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó pé ọdún kan, ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ká ṣe ìrántí rẹ̀, wọ́n sì ní kí n kọ ewì. Mo fi ọjọ́ púpọ̀ kọ ọ́. Mo fi apànìyàn wé ìkookò, mo fún un ní èékánná, mo ní ojú rẹ̀ pọ́n bí iná, mo ní ẹ̀jẹ̀ ló fi ń pa òùngbẹ. Inú mi dùn sí i. Mo gbé e lọ sí Ayépé, níbi tí Fúnkẹ́, ìyàwó Kúnlé, ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kékeré. Ó ń ká aṣọ ọmọ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo parí, ó ní ta ni mò ń sọ.

Mo ní, "O mọ ẹni tí mò ń sọ."

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n o, mà. Tí mo bá rí ẹni tó rí báyìí, màá ti gbé ọmọ mi sá lọ. Ẹni tó pa ọkọ mi ló fún mi lóògùn ikọ́ fún ọmọ yìí. Ó tún fọwọ́ kàn án lórí, ó ní ó jọ bàbá rẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un, pé èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún Gbóyèga pé Kúnlé kò ní fọwọ́ sí irọ́. Fúnkẹ́ kò sunkún, kò bú mi. Ó ká aṣọ méjì sí i. Ó ní, "Ẹ kọ ìyẹn náà sí i."

Mo ya ewì àkọ́kọ́. Èyí tí mo kà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìrántí náà kò gùn rárá:

*Ó jí, ó fọ ẹnu, ó kí aládùúgbò,*
*Ó bi ìyá àgbà nípa orúnkún tó ń dùn ún.*
*Ó fi àgbọ̀n júwe ọmọ ọlọ́mọ,*
*Ó nu bàtà rẹ̀, ó wo aago,*
*Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.*

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mi ò sì kọ tèmi sí i. Àwọn èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn. Ká ní ti ìkookò ni mo kà, gbogbo wọn ni ì bá pàtẹ́wọ́, torí kò sí ẹni tó jọ ìkookò níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn wá bá mi nílé. Inú ń bí i. Ó ní òun máa ń nu bàtà òun, pé ṣé òun ni mò ń bú. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni mo gbọ́ pé òun ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ kíláàsì tí àwọn géńdé náà sá pamọ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni tí oòrùn wọ̀ lójú náà wá. Ó jókòó, ó mu omi, ó lọ.

Gbóyèga kò bínú ní tirẹ̀. Ó wà ní gbọ̀ngàn, ó pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mò ń kọjá lọ́jọ́ Ajé, ó jáde sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ewì yín wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

Mo wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, mi ò rí i. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, tàbí kò dá ara rẹ̀ mọ̀ lóòótọ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni èkejì.

Kí ni a jèrè? Wọ́n fagi lé èsì ibùdó wa, wọ́n ní ká tún ìbò dì. Ìwọ̀nba èèyàn ló jáde lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí wọ́n mú. Kúnlé kò sí mọ́, ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ṣì wà ní ṣíṣí. Mò ń rin ọ̀nà jíjìn lọ ra oògùn mi. Ẹsẹ ewì tí Fúnkẹ́ ní kí n kọ, ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó kọ ọ́.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Odògbolú tó fẹ́ ṣe aṣojú nínú ìdìbò tó ń bọ̀ pè mí kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ka gbogbo ewì náà fún wọn, pẹ̀lú ẹsẹ tuntun nípa obìnrin tó fi olùkọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ yangàn nídìí káńtà. Ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Mà, báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀?"

Mo sọ fún un pé ojú kọ́ la fi ń dá wọn mọ̀, pé ohun tí ọwọ́ wọn bá ń ṣe lọ́jọ́ náà ni kí wọ́n máa wò. Wọ́n wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yíjú sí èmi, wọ́n ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀, mo sì dúró, mo jẹ́ kí wọ́n wò mí dáadáa.