Rákẹ́ẹ̀tì Tí Kò Dáhùn

Bàbá fi èékánná ta okùn rákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí èkejì tó gbé kọ́ sórí ìṣó. Ó yẹ kí ìyẹn kùn. Kò kùn. Ó tún ta á. Omi tó ń ṣàn nínú páìpù òkè àjà nìkan ni mo gbọ́.

Ọdún 1996 ni, ní Adelphi, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Nọ́ọ̀sì ni Mummy mi, nítorí náà, bí ilé ìwé bá ti parí, ọ̀dọ̀ bàbá yìí tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa ni mo máa ń wà. Òfì ló ń hun ní Ìṣẹ́yìn kí ọmọ rẹ̀ tó mú un wá sí Amẹ́ríkà. Níbí, okùn rákẹ́ẹ̀tì bádímíntìn ló ń hun, pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó rà lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù. Yàrá rẹ̀ máa ń rùn bí òróró ẹ̀rọ àti tíì atalẹ̀.

Ọmọbìnrin Japan kan, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ló máa ń wá jù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Japan, ni wọ́n jọ ń gbá bádímíntìn ní méjì-méjì. Bàbá kì í hun tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ara ìdì okùn kan náà ni, ní ìjókòó kan náà, títí ohùn wọn á fi bára mu. Bí ó bá ta ọ̀kan, èkejì á kùn lórí ìṣó láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ló fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ parí. Ó máa ń bà mí lẹ́rù.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ń lọ sí Japan, kí ilé-iṣẹ́ kan tó ní ẹgbẹ́ bádímíntìn lè dán wọn wò. Bí wọ́n bá yege, wọ́n á gbà wọ́n síṣẹ́. Papọ̀ ni wọ́n pè wọ́n. Láti kékeré ni ọmọbìnrin náà ti ń lálàá rẹ̀.

Bàbá tú okùn rákẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ náà tó wà lórí ìṣó, ó tún un hun. Síbẹ̀ rákẹ́ẹ̀tì náà kò dáhùn. Ó kọ́ rákẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn sórí ìṣó, ó ta ti ọmọbìnrin náà. Ìyẹn pàápàá kùn díẹ̀.

"Àbí okùn yẹn ò dáa ni, Bàbá?"

"Okùn dáa. Ẹni tó ni ín ni ò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo wo rákẹ́ẹ̀tì náà. "Ṣé ó ti kú ni?"

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ ikú? Mo ní kò sí níbẹ̀."

Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé, Bàbá ní kí n bá òun túmọ̀. "Sọ fún un kó lọ wá èkejì rẹ̀ lónìí. Kó má dúró di Sátidé."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ jẹun ọ̀sán ni, pé Bàbá fẹ́ràn àwàdà.

"Bi í bóyá mo jọ aláwàdà."

Mi ò bi í. Òun fúnra rẹ̀ ló ta okùn tirẹ̀, ó gbé etí sún mọ́ èkejì. Ó tún ta á, kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn méjèèjì sórí àga, ó sáré jáde. Kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kejì ló padà wá. Àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ fún un pé ọ̀rẹ́ náà ti gbé báàgì jáde. Ibùdókọ̀ ojú irin ní New Carrollton ló ti bá a, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ New York.

"Ó ní láti ọdún tó kọjá ni òun ò ti fẹ́ gbá bádímíntìn mọ́," ló sọ fún wa. "Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń fẹ́ sọ ọ́. Ó ní mi ò bi òun rí."

Ó tẹlifóònù Japan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ní òun nìkan, àwọn á wá ẹni tí wọ́n á jọ máa gbá a. Ọdún mẹ́rin ló fi gbá a fún wọn kí orúnkún rẹ̀ tó kọṣẹ́. Nínú lẹ́tà kan tó kọ sí Bàbá, ó ní kí àwọn tó wọ pápá, òun máa ń bi ẹnì kejì òun tuntun pé, "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó wá gba rákẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ náà. Ní àwọn ọ̀sán kan, láìsí ẹni tó ta okùn kankan, ó máa ń kùn lórí ìṣó. Mummy mi gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó wá mú mi. Ó ní fíríìjì ni. Fíríìjì Bàbá ti bàjẹ́ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn.

"Ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀," ni Bàbá wí.

Bàbá ti ṣaláìsí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe báyìí. Bí ẹni méjì bá jókòó níwájú mi, tí ọ̀kan ń ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì, mo máa ń kọ ohun tó sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń yíjú sí ẹnì kejì, kí n dákẹ́, kí n dúró. Ó máa ń pẹ́ kó tó la ẹnu. Nígbà míràn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde a máa dún bí ẹni pé ẹni tó ń sọ ọ́ ti kúrò nínú yàrá náà tipẹ́.