Ẹni Tí Iná Mọ̀

"Iná mọ̀ mí." Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá tó ń ṣe iná fún wa ní Ìkòsì nìyẹn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń tọ́ wáyà wò. Ó ní ojo ló ń lo tẹ́sítà.

Ó wá so ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń pa iná láti orí fóònù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ́síì wa. Féèsì méjì, ìyẹn wáyà méjì tó ń gbé iná, ló wọ ibẹ̀, ẹyọ kan péré ló mú gba inú ẹ̀rọ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ pa iná láti mítà." Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó tẹ fóònù, ẹ́síì dákẹ́.

"Mummy, ó ti kú. Ẹ máa nu ògiri yín."

Màmá mi fi aṣọ tútù nu ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀; wáyà kejì, tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, gbé wọn ṣánlẹ̀. Ìka wọn méjì kò ṣeé ká mọ́.

Lánàá, mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé kejì: "Iná mọ̀ mí."

Mo yọrí lójú fèrèsé, mo pariwo: "Ṣé iná mọ onílé?"