Yímíyímí Inú Oko Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Olúyẹ́misí, tíṣà bàọ́lọ́jì n'Íkìrun, nìkan ni nínú ìjọ wọn tó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi imí màlúù tútù pàdé òun lọ́nà. Yímíyímí ló ń kà fún oyè kejì rẹ̀ ní yunifásítì, àwọn wẹ́wẹ́ tí kò ju wóró ìrẹsì lọ. Ó ti pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tó ń yí imí lọ sílé, àwọn tó ń walẹ̀ tọ́jú rẹ̀, àti àwọn tó kàn jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ogún bàbá wọn. Irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹbí rẹ̀ náà.

Ó ku kó mọ ìlú tí irú kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí. Ó ri kọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ n'Íkìrun, n'Ínísà àti l'Ókukù. Ó fi àkísà pupa di imí màlúù, ó so ó rọ̀ sókè ẹnu kọ́ọ̀bù, kí kòkòrò tó bá gbóòórùn lè já sínú rẹ̀. N'Íkìrun, wọ́n jí kọ́ọ̀bù mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Yímíyímí méje ló bá. N'Ínísà, ewúrẹ́ jẹ àkísà. Ó bá mẹ́rin. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì sọ pé bí t'Ókukù bá tún bàjẹ́, ó di àmọ́dún, nítorí òjò ti fẹ́ dá.

L'Ókukù, nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ló rì wọ́n sí, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Kọ́ọ̀bù kún dẹ́múdẹ́mú. Bó ṣe nawọ́ báyìí, Bàbá Olúbọ̀dé tó ni oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pariwo:

"Má fọwọ́ kàn án! O ò rí i pé ààlè ni?"

"Èmi ni mo so ó, sà. Màmá ilé yín ló fún mi láyè."

Bàbá fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Ìwọ? Kí lo dì síbẹ̀?"

Àtúnbí ni Yẹ́misí, kì í purọ́. "Imí màlúù ni, sà."

Bàbá wo ọ̀nà, ó wo igbó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọn ò jí mi lọ́gẹ̀dẹ̀. Aládùúgbò mi dá ìdì méjì padà lánàá, ó ń gbọ̀n. Èmi gan-an ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́."

Wọ́n bá ṣàdéhùn: kí Yẹ́misí kó kòkòrò rẹ̀, kó so àkísà padà, kó sì pa ẹnu mọ́.

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ bí mo ṣe mú wọn sínú ìwé mi, sà."

Ojú Bàbá rẹ̀wẹ̀sì. "Níbo ni ìwé ọ̀hún á wà?"

"Ní yunifásítì."

"Ṣé olè ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń débẹ̀?"

Yẹ́misí rò ó dáadáa, bí ẹni tó ń ya kòkòrò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Rárá, sà. Irú tibẹ̀ yàtọ̀."

"Kọ ọ́, ọmọ mi."