Ọjọ́ tí Ìyá Beauty Fa Olùdánwò Jáde Nínú Ẹrẹ̀

Fẹ̀hìntọlá, tí gbogbo abúlé rẹ̀ ní Etikan mọ̀ sí Ìyá Beauty, kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ń polówó ẹja gbígbẹ, oníbàárà ni í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mí díẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni apá rẹ̀ kò ká. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà, òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta yóò fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ ìdánwò kẹta pé. Ọ̀gá Ábúráhámù, olùdánwò, wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì dé láti Igbokoda. Òun yóò dárúkọ nǹkan kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì sọ bí a ti ń pè é bí ó bá pọ̀.

“Ìyá, ‘child’.”

Ìyá Beauty dìde. Ó mọ̀ ọ́n! Láàárọ̀ yẹn gan-an ni ó kà á sí adìyẹ rẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

“Ọ̀gá, ibí yìí ló wà,” ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀.

“Ó há a bí egungun ẹja!” Moríkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pariwo. “Ẹ fún un ní òkèlè pupuru kó fi tì í sísàlẹ̀!”

“Jáde la fẹ́ kó jáde, ìyá,” ni ọ̀gá wí, ó sì kọ òdo sínú ìwé.

Kí ọ̀gá tó padà sídìí ọkọ̀, omi ti fà. Ó wọlé, ó tan ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ jókòó pa sínú ẹrẹ̀ bí adìyẹ tí ó sàba. Ẹrẹ̀ ta bo ọ̀gá láti fìlà dé bàtà.

Àwọn obìnrin kíláàsì ká aṣọ sókè, wọ́n bọ́ sódò, wọ́n di okùn ọkọ̀ mú. Ní ẹkùn wọn, a kì í fa okùn lẹ́nu dídì: ẹnì kan a ké, ẹni iwájú a dáhùn, gbogbo wọn a sì fà pọ̀. Ìyá Beauty ni ó wà níwájú. Moríkẹ́ aláwàdà sì ni olùké.

“Child o!”

“Children!” ni ẹnu Ìyá Beauty dáhùn kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ọkọ̀ mì.

“Man o!”

“Men!”

Ọ̀gá gbàgbé ẹrẹ̀, ó fò dìde. “Tooth!”

“Teeth!”

“Knife!”

“Knives!”

“Woman!”

“Women! Àwa rèé!”

Gbìì! Ọkọ̀ já bọ́ sómi. Gbogbo wọn fẹ̀yìn balẹ̀ nínú odò, ọ̀gá náà sì fi ìdí jókòó sínú ọkọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá Beauty yọrí jáde, omi ń dà lẹ́nu rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ dúró! Ẹ má gbé òdo mi lọ!”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó fa bírò yọ. Ó fa ìlà lé òdo náà, ó kọ nǹkan mìíràn, ó sì na ìwé sí i kí ó fúnra rẹ̀ kà á. Ìyá Beauty rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

“Moríkẹ́! Mo yege!” Ó sì fi gbogbo ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dì mọ́ ọn.