Ìlà Funfun Ara Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń gbé mi kọjá ẹrọ̀fọ̀ etí odò, bàbá mi ra ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó èrò. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má rò pé olówó ni wá. Káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, àdúgbò Keteren Gwari la sì ń gbé ní Minna, odò náà wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀rọ tó fi ń la pákó ló tà kó tó lè ra ọkọ̀ náà. Bí èrò kò bá wọ̀ ọ́, abẹ́ ẹlòmíì ni yóò ti lọ máa ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Àyà mi kì í pẹ́ já, títí dòní.

Bàbá mi ni ẹni kẹta tó ni ọkọ̀ náà. Bàbá Núpé kan ló kàn án, ó sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ara rẹ̀ níta. Bí ọkọ̀ bá ti rì dé ìlà yẹn, kò gba ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe ọba. Oníṣòwò iṣu tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ so ẹ́ńjìnnì ńlá mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìlà. Bàbá mi fẹ́ kí ọkọ̀ máa dán. Ó kun gbogbo ara rẹ̀ ní búlúù.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn obìnrin dé, wọ́n wo ara ọkọ̀, wọ́n sì dúró.

"Haba, káfíńtà! Ìlà dà?"

"Ọkọ̀ yìí lágbára, ẹ wọlé."

"Ó lágbára láti rì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Ojú tì mí, inú bí mi sí wọn, àánú bàbá mi tún ṣe mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi lọ bẹ Bàbá Núpé pé kó wá fa ìlà mìíràn. Ó kọ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni n ó máa wà á. Kó ìyàwó àti ọmọ rẹ sínú rẹ̀, kó o máa di ẹrù lé e. Ibi tí àyà rẹ bá ti já, fa ìlà síbẹ̀."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, lójú gbogbo èrò, èmi àti ìyá mi jókòó sínú ọkọ̀. Bàbá mi ń kó iṣu wọlé. Ìyá mi pariwo pé, "Baálé mi, ó tó o!" Bàbá mi ti gbé àpò mìíràn. Ó wò wá, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi ìṣó họ ibi tí omi dé, ó kó àwa àti iṣu jáde, ó wọ́ ọkọ̀ gòkè, ó sì fa ìlà.

Obìnrin kan fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ó relẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ! Matsoraci! Ojo ni káfíńtà yìí!" Ó ká ìró rẹ̀ sókè. "Ọkọ̀ ojo ni èmi ń wọ̀." Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Bàbá mi ta ọkọ̀ náà nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ayé ti yí padà: afárá ti wà lápá òkè, èrò ọkọ̀ ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, fóònù ni wọ́n sì fi ń sanwó. Lóṣù tó kọjá, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ń lọ wáṣẹ́ lódìkejì. Mo sáré dé etí odò. Omi ti dé ìlà tí bàbá mi fà, ẹni tó ni ọkọ̀ báyìí sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ó ti kún."

"Bàbá mi ló ni ọkọ̀ yìí rí!"

Ìyá kan nínú ọkọ̀ dáhùn pé, "Ṣé ìyẹn wá sọ ọ́ di fúyẹ́ ni?"

Wọ́n lọ. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ọ̀hún, síbẹ̀ ara mi balẹ̀. Ká ní ó gbà mí ni, ìgbà yẹn ni ǹ bá bínú sí i.