Alùpùpù Tó Pọn Màmá Emùré Wálé

Ìdájí ni èmi àti Màámi kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo orí òkè Ọlọ́sunta mọ́lẹ̀. Kí a tó gbéra, mo ti fi àkísà tí mo rì sínú àdín nu gbogbo irin alùpùpù mi. Ẹni tó bá ra irú tèmi, nínù ún ni iṣẹ́ rẹ̀; gígùn kàn jẹ́ ẹ̀bùn ni.

Tòkunbọ̀ ni, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn. Ó gùn gbọọrọ, ó rẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ là sókè bí ìwo màlúù, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìfẹ̀yìntì bíi ti àga. Òyìnbó tó kọ́kọ́ lò ó kò mọ ìrì àti òjò tiwa. Bí mo bá fi í sílẹ̀ láìnù fún ọ̀sẹ̀ kan péré nígbà òjò, sàléńsà tó ń tú èéfín á ti dógùn-ún, á pọ́n bí osùn, omi á sì ti wọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bó bá jẹ́ ìdajì ìtọ́jú yẹn ni mo fi ń tọ́jú òun, òun náà ì bá máa dán. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ yìí, ìyàwó mi pàápàá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ Màmá Emùré ló gbé wa dìde. Ẹ̀gbọ́n Màámi ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, ògiri ilé tó ń gbé sì ti là. A ti ránṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti bí i, ó ní òun kò wá. Màámi wá ní òun fúnra òun yóò lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun kú síbẹ̀ láìrí ẹni bu omi fún un, ojú wo ni òun yóò fi wo ìyá wọn lọ́run?

Ìṣòro Màámi ni pé kò lè wọ mọ́tò. Bí mọ́tò bá ti ṣẹ́ kọ́nà kan, èébì dé nìyẹn. Ìgbà tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, àárín ọ̀nà ni wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi rìn padà wálé. Láti ìgbà náà ló ti búra pé òun kò wọ mọ́tò mọ́. Ṣùgbọ́n lórí maṣíìnì mi, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i lójú, nǹkan kan kì í ṣe é. Ó wọ ṣòkòtò bàbá mi tó ti dolóògbé sábẹ́ ìró rẹ̀, ó ka Sáàmù kan, ó fẹ̀yìn tì, ó ní kí n máa lọ.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó nígbà náà, a ṣì ń retí pé ìjọba tuntun yóò rántí ọ̀nà wa. Kòtò pọ̀ níbẹ̀ débi pé etí títì là ń gbà, tí a ń fi ọgbọ́n yà fún kòkó tí wọ́n sá síbẹ̀. Ní Ìsẹ̀, mo ra epo inú jálá ní ìlọ́po méjì owó ilé epo, mo sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, torí kò sẹ́ni tó mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. A jẹ àkàrà níbẹ̀. Ewé ni wọ́n fi pọ́n ọn fún wa; ìwé tí ọmọ iléèwé ti kọ nǹkan sí ni tiwa nílé, tí èèyàn á máa ka ìṣirò ọlọ́mọ bó ṣe ń jẹun.

Bí a ṣe kúrò ní Ìsẹ̀ ni òjò dé. Maṣíìnì wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Màámi na gèlè rẹ̀ bò mí lórí títí mo fi tú púlọ́ọ̀gì, tí mo nù ún gbẹ, tí ó sì tún ṣáná. Bí a ṣe dé Emùré, omi ń ro lára àwa àti alùpùpù.

Màmá Emùré ti gúnyán. Òun fúnra rẹ̀ ló gún un, mo sì mọ ohun tó ń fìyẹn sọ: ara òun le, òun kò wá ẹni tí yóò gbé òun. A jẹun tán, Màámi kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bínú rárá.

“Fólúkẹ́,” ó ní, “ulé yẹn, tìrẹ ni. Ìwọ ni Yèyé pọ̀n. Èmi fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé yín lọ oko, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn wá ulé ọkọ. Jẹ́ kí n jókòó síbi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé.”

Yèyé ni wọ́n ń pe ìyá wọn, ilé sì ni ulé lẹ́nu wa. Màámi ń sunkún. Èmi náà kò lè wo ojú wọn, mo bọ́ sóde láti lọ nu alùpùpù mi. N kò bá a níbi tí mo gbé e sí.

Inú ilé ìdáná ni mo ti rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí iná ń jó lálá, epo sì kún inú táǹkì rẹ̀. Bàbá ọdẹ kan tó jẹ́ aládùúgbò ló tì í wọlé. Mo ń fa igi iná jáde, mo ń bu omi sí i, bàbá náà sì dúró ń wò mí. Ó ní àánú irin náà ló ṣe òun, pé òkè ààrò ni ìbọn òun máa ń wà nígbà òjò, èéfín kì í sì í jẹ́ kó dógùn-ún. Mo ní epo wà nínú tèmi, ó lè gbiná.

“Ṣé omi ló wà nínú ìbọn ni?” ó bi mí.

Àgbà ni, mo kàn ti alùpùpù mi kúrò nídìí iná. Màmá Emùré tí ariwo mi pè síta ti ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀ bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìjókòó alùpùpù mú, ó jókòó lé e, ó sì rọra fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rín náà dá. Ó pajú dé.

“Fólúkẹ́,” ó ní jẹ́jẹ́, “ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?”

Màámi lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bọ́ ṣòkòtò bàbá mi, ó gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ wọ̀ ọ́. Ó kàn yín.” Mo bi Màámi pé báwo ni òun yóò ṣe délé. Ó ní ṣé mọ́tò ti tán ní garéèjì ni.

Màmá Emùré wọ̀ ọ́, Màámi sì fi ọ̀já dè é mọ́ mi lẹ́yìn, kó má baà yẹ̀ ṣubú. Mo rọra ń gùn ún. Lẹ́yìn Ìsẹ̀, a bá takisí tó gbé Màámi tó dúró sí etí ọ̀nà, òun sì lóṣòó nínú koríko, ó ń bì. Mo fẹ́ dúró. Ó fọwọ́ lé mi pé kí n máa lọ. Ẹni ẹ̀yìn mi kò rí i, torí ó ti gbórí lé mi léjìká, ó ti sùn. Omijé bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Èmi tí mò ń gbéra ga pé mo mọ nǹkan-án tọ́jú, ọjọ́ yẹn ni mo rí ìtọ́jú.

Takisí náà kọjá wa lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí a délé ní ìrọ̀lẹ́, Màámi ti fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mira lójú oorun, kò sì lajú.

“Yèyé,” ó ní, “ṣé a ti dé oko?”

Màámi gbà á mọ́ra. “A ti dé ulé.”