Ibo Ló Wà Nínú Ìwé?

Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi itọ́ rin orí òwú, ó sì tì í bọ ojú abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìlo jígí ojú. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló nawọ́ sí Bíbélì orí àpótí, ó ní, "Gbà, bá mi kà á. Ojú mi ò ríran mọ́." Mo wo abẹ́rẹ́, mo wo ojú rẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé irọ́ ni ìyá yìí ń pa.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá ni mí, lọ́dún tí àwọn mọ́tò Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí apá ọ̀tún. Inú agbo ilé kan náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó la jọ ń gbé. Yàrá tiwa wà lókè. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí òórùn òróró maṣíìnì, sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù eléèédú kì í ti í tán. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Bí ìpè àdúrà bá ti dún láàárọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ maṣíìnì, kàtàkàtà, kàtàkàtà, títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì á fi máa lù láti apá Olówógbowó.

Àwọn obìnrin tó bá gbé aṣọ wá máa ń bi í ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣé ó dáa kí abiyamọ gbààwẹ̀? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn jẹ ẹran Iléyá nílé ẹbí rẹ̀? Kò ní dáhùn. Á dá maṣíìnì dúró, á ní kí n ṣí ibi báyìí, kí n kà á sókè. Lẹ́yìn náà á ní, "Ohun tí Ìwé wí nìyẹn. Tèmi ò sí níbẹ̀." Bí wọ́n bá ní èrò tirẹ̀ gan-an làwọn fẹ́ gbọ́, á kàn máa tẹ maṣíìnì rẹ̀ lọ.

Ó máa ń bí mi nínú. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ẹja, nípa òjò, nípa ọkọ ọlọ́kọ, òun ni kò ní èrò nípa Ọlọ́run? Mo gbà pé nǹkan kan wà tó ń fi pamọ́ fún wa. Àjákù aṣọ ló fi ń ṣe àmì sínú Bíbélì náà, àǹkárá níbí, àdìrẹ lọ́hùn-ún. Ọ̀kan wà láàárín tó jẹ́ funfun, tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ pípẹ́. Bí ìka mi bá ti kàn án, á ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀." Èmi náà sọ nínú ara mi pé, ó dáa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àsìkò yẹn ni màmá mi bí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà sì kú ní ọjọ́ kẹfà. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Aránṣọ ti rán aṣọ funfun tó máa wọ̀. Ó ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri rẹ̀. Bàbá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa, ó jókòó, ó mu omi, ó sì sọ fún màmá mi pé ọmọ tí wọn ò bá ṣe ìsàmì fún kò ní rí ojú Ọlọ́run. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí búrẹ́dì jẹ́. Láti ọjọ́ náà, màmá mi ò jẹun dáadáa mọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà sì wà ní títì.

Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Aránṣọ. Mo tẹ̀ lé e.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì máa rí ọmọ mi?"

"Jẹ́ kí n wá a nínú Ìwé."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kàwé fún un, títí ohùn mi fi há. Lọ́jọ́ kẹrin, màmá mi padà wá. Ìyá Aránṣọ ní, "Mi ò rí ibi tí Ìwé ti sọ ohun tí bàbá yẹn sọ. Mi ò sì rí ibi tó ti dá ọ lóhùn ní tààrà. Ohun tí mi ò bá rí, mi ò lè sọ ọ́."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kó ṣáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ló máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bíbélì ṣì wà lórí itan mi. Mo fi ìka sí ojú ìwé kan, mo sì fi ohùn ìwé kíkà sọ pé àwọn ọmọ tí kò tíì ní orúkọ, Olúwa fúnra rẹ̀ ni yóò sọ wọ́n lórúkọ, ìyá wọn yóò sì rí wọn. Màmá mi bú sẹ́kún. "Ó wà níbẹ̀," ló ń sọ. "Ìyá, ó wà níbẹ̀."

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ kúrò lórí maṣíìnì. Ó wò mí títí.

"Ka ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mi ò rántí bí mo ṣe tò ó mọ́.

"Kò sí níbẹ̀," ó sọ fún màmá mi, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọmọ yìí ló sọ ọ́, torí ó fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá wá a tí o ò rí i, o ò ní gba Ìwé náà gbọ́ mọ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ojú mi ríran. Ẹnu mi ni mi ò fọkàn tán. Ibi tí ọkàn mi bá ń lọ ló máa ń fa ọ̀rọ̀ sí. Ìdí tí mo fi ń gbé e fún ọmọdé nìyẹn." Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Nígbà náà ló gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó ṣí i síbi aṣọ funfun, ó sì kà á fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọba Dáfídì ni, tí ọmọ rẹ̀ kú ní ọjọ́ keje. Ó dìde, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì ní òun ló máa lọ bá ọmọ náà, ọmọ náà ò ní padà wá bá òun.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fi sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Torí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ jù. Dáfídì ló sọ ọ́. Mi ò rí i kà pé Ọlọ́run ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti sin ọmọ tèmi ni mo ti ń di ibẹ̀ mú, tí mo sì ń fura sí ara mi."

Ó mú aṣọ funfun náà jáde. Apá aṣọ ọmọ-ọwọ́ ni, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Màmá mi wò ó pẹ́. Ó dìde, ó mú aṣọ tó wà lórí ìṣó, ó ní kí n fún òun ní sísọ́ọ̀sì, ó sì gé apá rẹ̀ kan. Ìyá Aránṣọ fi méjèèjì sí ojú ìwé náà, ó pa á dé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi ní kí n lọ ra ẹ̀kọ wá fún òun.

Ọwọ́ mi ni Bíbélì náà wà báyìí, apá aṣọ méjèèjì sì ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí léèrè, bóyá torí mo ti darúgbó. Bí ìdáhùn kan bá ti dùn mọ́ mi jù, mo máa ń ní kí ẹlòmíì kà á sétígbọ̀ọ́ mi. Lóṣù tó kọjá, abiyamọ kan kúnlẹ̀ síwájú mi, ó bi mí ní ìbéèrè màmá mi. Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo sì ṣí ibi aṣọ funfun fún un.